Máàpù Mọ Orí Òkè, Kò Mọ Inú Ihò

Ẹ jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, iṣẹ́ ọwọ́ kò ní kí etí má gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún: ọ̀rọ̀ tòní gba kéèyàn fojú inú wo nǹkan.

Ẹ bá mi wo tábìlì kan. Ìwé fífẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, máàpù ni wọ́n. Búlúù ni odò, pupa ni títì, àwọ̀ ewé ni igbó, àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọn ìlà tó ń fi gíga òkè hàn. Àwọn ọdún 1960 ni wọ́n tẹ irú wọn, etí wọn ti ń fàya. Ìdó wà lórí èkínní. Ọ̀yẹ́, Ìtapá, Ayédé àti Ìṣàn wà lórí èkejì. Ìkọ̀lé wà lórí ẹ̀kẹta, ní etí ìwé gan-an, bí ọmọ tó jókòó sí etí bẹ́ńṣì.

Kí ló dé tí àwọn ìlú àríwá Èkìtì yìí, tí kò jìnnà síra, fi gba ìwé mẹ́ta? Àwọn tó pín ìwé náà kò bi àwọn ọba léèrè: wọn kò bi Elékọ̀lé ti Ìkọ̀lé, wọn kò bi Olójúdó ti Ìdó, wọn kò sì bi Ọlọ́yẹ̀ẹ́ ti Ọ̀yẹ́. Ìlà òòró àti ìlà ìbú ayé ni wọ́n fi gé gbogbo Nàìjíríà sí igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n sì fún igun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 244 ni wọ́n pè ní Adó-Èkìtì, 245 ni wọ́n pè ní Ìkọ̀lé. Ibi tí 244 parí sí, tí 245 ti bẹ̀rẹ̀, wà ní ọ̀nà tó ti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, kí èèyàn tó wọ ìlú. Kò sí òpó kankan níbẹ̀ tó fi í hàn. Ẹni tó gun ọ̀kadà láti Ìtapá lọ ná ọjà Ìkọ̀lé ti kúrò lórí ìwé kan bọ́ sórí òmíràn, kò sì mọ̀. Wọ́n tún wá pín igun kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí àwòrán lè tóbi tó láti fi ipa ọ̀nà oko hàn. Sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ìwé yìí dúró fún kìlómítà 1 lórí ilẹ̀.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì ni mí. Mo mọ bí ojú àwọn ọmọ ṣe máa ń rí bí a bá ṣí máàpù síwájú wọn nítorí ìdánwò WAEC. Bí wọ́n bá rí àwọn ìlà tó ń lọ́ yípo yípo yẹn, ọ̀pọ̀ wọn á ti sọ̀rètí nù. Bẹ́ẹ̀ ìlà wọ̀nyẹn ni ọkàn ọ̀rọ̀, kò sì le. Lọ́la, bí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹ wá òkúta kan tó ṣóńṣó lórí, kó tóbi tó orí ọmọdé. Ẹ gbé e sínú bàsíà. Ẹ bu omi sí i kó ga tó ìbú ìka kan, kí ẹ fi èédú fa ìlà yí òkúta náà po níbi tí omi dé. Ẹ tún bu omi kún un ní ìbú ìka kan, kí ẹ tún fa ìlà. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi yóò fi bò ó lórí. Kí ẹ wá da omi nù, kí ẹ dìde dúró, kí ẹ wo òkúta náà láti òkè tààrà. Ohun tí ẹ ń rí nìyẹn lórí máàpù. Ibi tí ara òkúta ti dagun, àwọn ìlà fún mọ́ra. Ibi tó ti rọra dà sílẹ̀, wọ́n jìnnà síra. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìwé tí mò ń wí yìí, 50 ẹsẹ̀ bàtà ló wà láàrín ìlà kan sí èkejì, ìsàlẹ̀ bàsíà wa sì ni òkun ní Èkó.

Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ gíga òkè wa nígbà tí kò sí omi tó lè bò ó? Ibí yìí gan-an ni ìtàn wà.

Ní 1858, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel May, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì, gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn, títí ó fi dé ìpàdé odò Ọya àti Bẹ́núé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìròyìn ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé. Irú máàpù tí arìnrìn-àjò ń yà ni tirẹ̀: ó mọ ojú ọ̀nà, ó mọ ìlú tó sùn sí, ó fi kọ́ńpáàsì wo ibi tí òun kọjú sí, ó sì ka wákàtí tí òun fi rìn. Ohun tó wà ní ìbùsọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un, òfìfo ni lórí ìwé rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé irú àkókò tó jẹ́. Ogun Ìbàdàn ń lọ ó ń bọ̀, ẹlẹ́ṣin Tápà ń já wọ ìlú láti àríwá. Nínú rògbòdìyàn yẹn ni jagunjagun kan tó ń jẹ́ Èṣùbíyì kó àwọn èèyàn ìlú Ìyé jọ tó fi di Ayédé, tí ìlú náà sì di alágbára. Ìlú ń tú, ìlú ń tún dó sí ibòmíràn. Nírú ayé bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ ihò àpáta tó lè gba ìyá àti ọmọ mọ́jú, tó mọ ìṣàn omi tó wà nítòsí rẹ̀, tó sì mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n lè bá jáde, ẹni náà ní máàpù tó gba ẹ̀mí là. Kò sí lórí ìwé. Àwọn ọdẹ ló ń gbé e sórí, ó sì dára fún wọn nígbà náà pé kò sí lórí ìwé.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìdí kalẹ̀, wíwọn ilẹ̀ di iṣẹ́ ọba. Ilé ẹ̀kọ́ ìwọ̀nlẹ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ títí dòní, Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1908. Ní 1910 ni wọ́n fi Guggisberg, ọmọ Kánádà tó jẹ́ sójà àti sọ́féyọ̀, ṣe olórí iṣẹ́ náà ní Gúúsù Nàìjíríà. Òun náà ló di gómìnà Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ní 1919. Ní 1911, ó kọ ìwé ìtọ́ni fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀ nínú igbó ẹkùn wa. Àmọ́ kò yẹ kí orúkọ òyìnbó nìkan gba ẹnu wa. Herbert Macaulay, tí gbogbo ayé mọ̀ sí òṣèlú, sọ́féyọ̀ ni. Iṣẹ́ yẹn ló lọ kọ́ ní ìlú òyìnbó kó tó padà wálé ní 1893. Àwọn tó sì ru àpótí irinṣẹ́ gun orí àpáta, tí wọ́n fi àdá la ìlà já nínú igbó kí ojú lè ríran láti òkè kan dé òmíràn, ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Orúkọ wọn kò sí ní igun ìwé níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn ọ̀gá.

Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n ta. Bí mo bá dúró lórí òkè kan, tí ìwọ dúró lórí òkè kejì, tí a sì mọ bí àárín wa ti jìnnà tó, kò sí ìdí láti rìn dé orí òkè kẹta kí a tó mọ ibi tó wà. Èmi á fi irinṣẹ́ wò ó láti ọ̀dọ̀ mi, ìwọ náà á wò ó láti ọ̀dọ̀ tìrẹ, ibi tí ojú wa ti pàdé ni òkè náà wà. Irinṣẹ́ náà ni tíódóláìtì, awò kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ka igun. Láti òkè mẹ́ta, wọ́n á tún wo ẹ̀kẹrin, láti ẹ̀kẹrin wọ́n á wo ẹ̀karùn-ún, títí ìlà yóò fi so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ bí okùn àwọ̀n. Àwọ̀n tiwa so mọ́ òpó kan nítòsí Mínà tí wọ́n ń pè ní L40. Sọ́féyọ̀ tó bá wọn ilẹ̀ fún yín ní Ọ̀yẹ́ lónìí, ẹ bi í léèrè, á sọ fún yín pé ìpìlẹ̀ ìṣirò òun ń jẹ́ Mínà.

Fún irú iṣẹ́ yìí, ta ni ilẹ̀ rẹ̀ lè dára tó tiwa? Àwọn àgbà sọ pé láti ara òkìtì ni a ti rí orúkọ Èkìtì. Ibi tí òkè pọ̀ sí ni awọnlẹ̀ ń wá.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọkọ̀ òfurufú wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ní 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ láti ya máàpù àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, ọ́fíìsì náà sì ń bá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tiwa ní Èkó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ á fò ní ìlà tààrà, á máa ya fọ́tò lọ, fọ́tò kọ̀ọ̀kan á sì gun orí èyí tó ṣíwájú rẹ̀ ju ìdajì lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ rèé: ojú méjì ni Ọlọ́run fún wa, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí, àpapọ̀ wọn ló ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ife wà níwájú àwo. Bí wọ́n bá fi awò pàtàkì kan gbé fọ́tò méjì bẹ́ẹ̀ síwájú ojú méjì, ilẹ̀ á dìde. Òkè á yọ, àfonífojì á rì. Mo ti rí i rí nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo sì kígbe. Láti inú àwòrán tó dìde yẹn ni wọ́n ti fa ìlà gíga tó wà lórí ìwé mẹ́ta wa.

Iṣẹ́ ńlá ni. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni mo fi lè fi ìka tọ ohun kan tí a kò yà sórí rẹ̀ rárá, ìyẹn ẹ̀yìn ilẹ̀ tó pín omi níyà. Àríwá Èkìtì jókòó sórí ẹ̀yìn yẹn. Òjò kan náà tó rọ̀ lọ́jọ́ kan náà, èyí tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan á ṣàn lọ sí gúúsù, bí Ọ̀ṣun tó ṣẹ̀ ní Ìgèdè tó sì lọ já sí ọ̀sà Lẹ́kí. Èyí tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì á gba ilẹ̀ Kwárà tàbí Kogí kọjá lọ bá Ọya. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀lé ibi tí ìlà gíga ti ga jù láàrín odò méjì, tí ẹ kò sì jẹ́ kí ìka yín gé odò kankan, ẹ ó máa rìn lórí ẹ̀yìn náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ràn eré yìí ju gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ìwé náà kù sí.

Àkọ́kọ́ ni odò. Odò tó ń ṣàn lọ́dún yípo, ìlà búlúù tí kò já ni. Èyí tó ń gbẹ, ìlà tó ń já ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọkọ̀ òfurufú lè ya fọ́tò, nítorí ìkùukùu kì í jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀ nígbà òjò. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀rùn ni máàpù mọ̀. Ìṣàn omi tó ń wọ ilé èèyàn ní oṣù kẹsàn-án lè jẹ́ ìlà jíjá tíńtín lórí ìwé, ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀: ẹ wo máàpù, kí ẹ sì bi ìyá arúgbó tó ń gbé àdúgbò náà.

Èkejì ni orúkọ. Odò kan wà tí wọ́n fi omi rẹ̀ kún ìdídò ńlá tó wà ní Ìkún-Èkìtì, tí ọ̀pọ̀ ìlú ń mu. Lórí ìwé àti lórí pátákó, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́: E, R, O. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Ẹ fún ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó kó kà á. Ó lè pè é ní èrò tí à ń rò. Ó lè pè é ní ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì ń tún ṣe. Ó sì lè pè é ní ẹ̀rọ̀, ohun tí ń rọni lára. Àwọn ará Ìkún nìkan ni wọn kò lè ṣì í pè. Báyìí ni gbogbo orúkọ wa ṣe rí lórí ìwé mẹ́ta wọ̀nyí, eegun láìsí ẹran. Ẹ ronú kan akọ̀wé tó ti Ìbàdàn wá, tí ó ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń pe ilé ní ulé. Akọ̀wé lè tún ohun tó gbọ́ ṣe kó tó kọ ọ́, kó rò pé òun ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Odò kan náà a sì máa ní orúkọ kan ní oko ìsàlẹ̀, òmíràn níbi tí ìlú kejì ti ń pọn ọ́n. Máàpù á mú ẹyọ kan, á tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin odò.

Máàpù àwọn ọdún 1960 kò sì lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí adágún omi ìdídò Ìkún tẹ́ sí lónìí, àfonífojì àti ìlà odò tín-ínrín ló wà lórí ìwé àtijọ́. Ẹni tó bá gbé ìwé náà dúró sí etí adágún, á rí abẹ́ omi.

Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ olórí gbogbo rẹ̀ lójú tèmi, ni ihò.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe irú ilẹ̀ tí omi ń jẹ òkúta rẹ̀ di ọ̀nà gígùn lábẹ́lẹ̀. Àpáta líle ni tiwa. Oòrùn ń yan án lọ́sàn-án, òtútù ń mú un lóru, títí ara rẹ̀ yóò fi máa bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Èèpo tó bó á yọ̀ sọ̀kalẹ̀, òkúta ńlá á wó lé òmíràn, àlàfo á sì ṣẹ́ kù sí abẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ihò wa fi jọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ju yàrá lọ: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ bo èèyàn lójú òjò, inú rẹ̀ kò jìn. Ẹ wá ṣe ìṣirò pẹ̀lú mi. Ihò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 20, tó lè gba agbo ilé kan, kò ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ lórí ìwé wa. Kò tó orí abẹ́rẹ́. Kódà ká ní ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkè ni ọkọ̀ òfurufú wà, orí àpáta ló ń rí. Òrùlé ni fọ́tò ń yà, kì í ya ẹni tó jókòó lábẹ́ òrùlé. Bákan náà ló rí fún ẹ̀rọ tuntun. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfurufú ojú ọ̀run ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi rédà wọn gíga apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ayé láàrín ọjọ́ 11. Òkè Èkìtì wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè rí i lórí fóònù lónìí. Ihò kò sí nínú rẹ̀.

Kí ni a sì ń pàdánù? Ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀ sí gúúsù, sí ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lẹ́bàá Ìsarun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ihò àpáta kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ihò Eléérú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló fún un lórúkọ, nítorí eérú iná tó wà nínú rẹ̀. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ òkúta, wọ́n sì bá egungun èèyàn tí wọ́n sin sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 13,000 sẹ́yìn. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tún ìwádìí ṣe lórí agbárí náà, wọ́n sì rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà rẹ̀. Gbogbo ayé ń ka ìwé nípa agbárí tó ti abẹ́ àpáta Yorùbá jáde. Ní apá ìlà-oòrùn wa, ní Ifẹ̀-Ìjùmú lápá Kogí, tí kò jìnnà sí Òmùò, wọ́n gbẹ́ ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Itaakpa ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì bá egungun èèyàn tó ti lo nǹkan bí ọdún 2,300 níbẹ̀. Irú àpáta kan náà ló na láti Ìsarun dé Ìjùmú. Àwa la wà láàrín.

Ta wá ni a ó bi ní àríwá Èkìtì? Àwọn ọdẹ ni, àti àwọn tó ń kọ ọ̀pẹ, àti àwọn ìyá tó mọ ibi tí wọ́n ti ń wá ewé. Wọ́n ń dàgbà. Ọmọ wọn wà ní Èkó tàbí Àbújá, kò tẹ̀lé wọn lọ sóko rí.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo bá ọdẹ àgbà kan lọ sí oko rẹ̀ ní ọ̀nà Ìkọ̀lé. Mo na ìwé mọ́lẹ̀ lórí àpáta kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, mo rò pé á ṣòro fún un. Mo sọ fún un pé, "Bàbá, àwọn ìlà yìí ni òkè." Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ìka lé ibi kan tí àwọn ìlà ti fún mọ́ra, ó ní, "Ibí yìí dagun, èèyàn kì í gba ibẹ̀." Òótọ́ ni, n kò tíì kọ́ ọ. Ó fa ìka rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti jìnnà síra díẹ̀, ó ní, "Ìhín là ń gbà." Mo béèrè ihò. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Olùkọ́, ìwé yín kò níhò."

Bó ṣe júwe ọ̀nà fún mi kò ní kìlómítà nínú. Ó ní kí n rìn títí n ó fi gbọ́ ohùn omi ní ọwọ́ ọ̀tún, kí n wá kẹ̀yìn sí i, kí n gòkè títí n kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Ibẹ̀ ni. Ó mú mi lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ohùn omi dákẹ́, mo gbójú sókè, ẹnu ihò wà níwájú mi, ó ṣókùnkùn, ó gbòòrò, àdán ń fò níbi òkè rẹ̀. Ilẹ̀ inú rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ bàtà. Ara ògiri dúdú dé ibi tí orí èèyàn mọ, èéfín iná àtijọ́ ni. Òkúta méjì fífẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọ́n ti lọ nǹkan lórí wọn títí àárín wọn fi jẹ kòtò. Bàbá ní àwọn ìyá ìyá òun ló sọ fún òun pé wọ́n fara pamọ́ síbẹ̀ nígbà ogun, ọmọ tó bá fẹ́ sunkún, wọ́n á fi ọyàn dí i lẹ́nu. N kò hú ohunkóhun. Mo ya fọ́tò, mo jẹ́ kí fóònù ka ibi tí a dúró sí láti ojú satẹ́láìtì, mo sì fi teepù wọn ẹnu ihò náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó yẹ ká sọ láìfi bò. Kì í ṣe gbogbo ihò ló yẹ kó hàn sí gbogbo ayé. Òmíràn jẹ́ ojúbọ, ìlú ló ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ayé tí a sì wà yìí, àwọn tó ń wá ibi ìsápamọ́ nínú igbó kì í ṣe ìyá àti ọmọ mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n yìnbọn pa ọba Èkìtì méjì lójú ọ̀nà ní ìhà Òkè-Àkò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé wa yìí kan náà. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun wá. Àwọn kan lè torí ìyẹn sọ pé kí a má kọ nǹkankan sílẹ̀ rárá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni ibi tó ń gbé inú igbó ti mọ ihò náà. Ọmọ ìlú tó yẹ kó ṣọ́ ọ ni kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn nílò rẹ̀. Kí a kọ ọ́, kí ìwé náà wà ní ààfin, kí ìlú yan ẹni tí yóò máa rí i. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní fóònù tó ń ka satẹ́láìtì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ọmọ mẹ́ta pẹ̀lú ọdẹ kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọba, wọ́n lè kọ orúkọ gbogbo odò àti ihò oko ìlú kan sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé, kí wọ́n sì gba ohùn bàbá náà sínú ẹ̀rọ bó ṣe ń pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọdẹ àgbà yẹn mú mi dé ihò náà, a padà sọ́dọ̀ ìwé tí mo fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wo nọ́ńbà tí fóònù kà, mo fi rúlà wá ibẹ̀ lórí máàpù. Ó bọ́ sí etí gan-an, níbi tí 244 ti fẹ́ parí, irun orí kan ló kù kó bọ́ sórí 245. Ẹni tó ní ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́ ì bá má rí i láéláé. Mo fi pẹ́ńsùlù ṣe àmì kékeré síbẹ̀. Mo bi Bàbá léèrè orúkọ ihò náà, ó sọ ọ́ fún mi. N kò ní pè é lórí rédíò yìí, ìlú náà ló ni í. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà, mo sì kà á sókè fún un kó gbọ́. Ó mi orí. Ó ní ohùn tó kẹ́yìn ń gòkè ni, kì í sọ̀kalẹ̀. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́, mo tún un kọ.